Ta Lo Máa Ṣọ́? Ìrírí Mi Láti Yunifásítì Dé Ìdí Iṣẹ́ Básíkẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè yẹn bá mi lójijì nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2018, nínú gbọ̀ngàn ìgbáradì ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ nínú NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù l'Amẹ́ríkà. Mo ti sáré, mo ti fò, wọ́n ti fi téèpù wọn apá mi láti ìka dé ìka, wọ́n ti yẹ ara mi wò bí ìgbà téèyàn ń yẹ àgbò Iléyá wò lọ́jà. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo ń jù ló ń wọ agbọ̀n. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Bàbá kan tó gbé ìwé lé itan nídìí ògiri ló gbójú sókè tó ní, "Ó dáa. Ká ní a mú ọ, ta lo máa ṣọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tí wọ́n bá ní kí n ṣọ́ ni mo máa ṣọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ké sí ẹni tó kàn.

Ọdún méje rèé tí mo ti ń jẹun nídìí básíkẹ́ẹ̀tì, ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Mi ò tíì wọ aṣọ NBA gbá ìdíje gidi kankan rí. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ẹni tó di olówó tabua lòun fẹ́ kà.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè-Àdó, níbi téèyàn ti lè gbọ́ ariwo pápá ìṣeré Líbátì látinú ilé. Wọ́n ti fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe pápá náà láti ọdún 2010, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọlọ́kadà Ìbàdàn pé Líbátì kọ́ lẹ̀ ń lọ, Awólọ́wọ̀ Stadium ni, kẹ́ ẹ wá wo ojú tó máa fi wò yín. Màámi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Kí n tó pé ọmọ ọdún 15, mo ti ń tẹrí ba kí n tó wọ yàrá. Agùntáṣọọ́lò làwọn ará àdúgbò ń pè mí. Màámi nìkan ni inú rẹ̀ kì í dùn sí i, torí ṣòkòtò ilé-ìwé tó bá rà ní oṣù Kẹsàn-án ti ń di penpe kí ọdún tó parí. Ti bàtà ló wá burú jù. Nọ́ńbà 48 lẹsẹ̀ mi ń wọ̀, kò sì sí ọjà òkìríkà tí mi ò dé. Nígbà tó yá, mo fi abẹ gé iwájú bàtà kan, mo yọ ọmọ ìka síta, mo sì fi gbá bọ́ọ̀lù fún odidi ọdún kan.

Orí sìmẹ́ńtì la ti ń gbá a. Agbọ̀n kan ti tẹ̀, èkejì ò láwọ̀n. Kóòṣì wa máa ń sọ ìtàn méjì fún wa léraléra bí ẹní ń ka orí ìwé mímọ́. Ìtàn kìíní ni ti Olumide Oyedeji, ọmọ Ìbàdàn níbí, tó gba Jámánì kọjá, tí ẹgbẹ́ NBA ti ìlú Seattle sì mú un ní ọdún 2000 láìjẹ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Amẹ́ríkà kankan. Èkejì ni ti Hakeem Ọlájuwọ́n: ọmọ Èkó, bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń gbá nílé-ìwé, ó dé yunifásítì Houston ní 1980, ó wà lára àwọn tó gbé wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, láti 1982 dé 1984, wọ́n sì mú un ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú dráàfùtì 1984, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń yan ọmọ tuntun lọ́dọọdún, níbi tí Michael Jordan ti ṣe ẹni kẹta. Tí kóòṣì bá dé ibi "ẹni kẹta" yìí, á dákẹ́ díẹ̀ kó lè wọ̀ wá lára.

Ohun tí ìtàn náà gbìn sí mi lọ́kàn ni pé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wàhálà wà. Wá yunifásítì tó máa gbà ọ́, di ìràwọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn tó kù á ṣí fúnra rẹ̀.

Ọdún 2012 ni mo kúrò nílé, mo sì lo ọdún kan nílé-ìwé girama kan ní Amẹ́ríkà kí n tó wọ yunifásítì. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ òtútù dà yín láàmú, gbogbo ẹni tó lọ ló ti sọ ọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ mú níbẹ̀. Kí n tó lọ, ọkùnrin kan l'Ékòó fẹ́ fún mi ní 50,000 náírà kí n wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá ìdíje ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fọwọ́ kan iye bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀dá kan tó ti ṣáájú mi lọ ló pè mí lórí fóònù pé, "Má fọwọ́ kàn án o." Ó ní NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀, máa yẹ ìtàn mi wò látilẹ̀, wọ́n á sì wádìí bóyá mo ti gbowó rí nídìí eré. Mo fi owó náà sílẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni màámi fi di kùnrùngbùn sí mi.

Yunifásítì tó gbà mí kì í ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún. Division I ni wọ́n wà lóòótọ́, ìyẹn ìpele òkè pátápátá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele yẹn ju 350 lọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì láyè fún ọmọ 13 tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù nígbà náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ó lé ní 4,500 ọmọkùnrin. Orúkọ 60 ni wọ́n ń pè ní dráàfùtì NBA, àwọn ọmọ Yúróòpù àti ti ibòmíì sì ń mú nínú 60 yẹn. Mo mọ ìṣirò yìí láti ọdún kìíní. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ tó máa ń ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n jókòó: kí n máa gbáradì, kí n má gbá ìdíje kankan, kí ọdún mẹ́rin tí òfin fún mi má baà dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Ọlájuwọ́n nígbà tó dé Houston. Òfin tún ní ìgbáradì ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló mọ. Àkókò tí wọ́n fi ń wé ẹsẹ̀ ẹni, àkókò tá a fi wà nínú bọ́ọ̀sì lóru, kò sí nínú 20 yẹn, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ìṣirò ń retí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ni mo lò, kò sì fún mi láyè láti ṣiṣẹ́ níta ọgbà ilé-ìwé bó ṣe wù mí. Wọ́n lẹ àwòrán mi mọ́ ara bọ́ọ̀sì yunifásítì, mi ò sì ní owó tí mo lè fi ránṣẹ́ sí màámi ní Kérésì. (Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni NCAA ti gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó. Ẹni tó bá wà lórí F-1, ẹ ní kó rí lọ́yà kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Òfin bọ́ọ̀lù ló yí padà, òfin físà kò yí padà tẹ̀ lé e.)

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta tí mo ń gbá a, èmi ni wọ́n ń wá wò. Àmì ayò 17 ni mo ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, tá a bá pín in dọ́gba. Ọ̀nà tí mo gbà ń jẹ ẹ́ kò le. Màá fi ẹ̀yìn ti ẹni tó ń ṣọ́ mi títí a ó fi dé abẹ́ agbọ̀n, màá yí sọ́wọ́ òsì, ó parí. Nínú líìgì wa, ẹni tó ga jù nínú ẹgbẹ́ tó ń kojú wa kì í sábà ga tó mi, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8 sì ni mí. Onígbàjámọ̀ ìlú náà lóun á máa gẹrun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, òfin NCAA ní rárá, mo ń san dọ́là 15 bíi tẹlòmíì. Àwọn ọmọ kékeré á tò síwájú mi kí n fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù wọn. Orúkọ mi gùn, mo máa ń kọ ọ́ pé pérépéré.

Lọ́dún yẹn, a wọ ìdíje ẹgbẹ́ yunifásítì 68, èyí tí gbogbo Amẹ́ríkà máa ń jókòó wò ní oṣù Kẹta. Ẹgbẹ́ ńlá kan fi àmì ayò 22 lù wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo jẹ 21. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, 21 yẹn ni mo ń sọ fáwọn èèyàn. Ẹni tí wọ́n ní kí n ṣọ́ lọ́jọ́ náà jẹ 28, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ibí yìí ni ohun tí kóòṣì wa n'Ìbàdàn ò sọ fún wa nípa Ọlájuwọ́n wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilé-ìwé bá wọlé ìsinmi, kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ yunifásítì nìkan ló ń bá gbá. Gbọ̀ngàn kan wà ní Houston tí wọ́n ń pè ní Fonde, ibẹ̀ ló ti ń kojú Moses Malone, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú NBA nígbà náà, tó ń fi igbá àyà tì í bí ẹní ti ilẹ̀kùn. Ó ti jẹ ìyà iṣẹ́ yẹn kó tó gba owó rẹ̀. Èmi, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, inú ọgbà ni mò ń wà, mò ń bá kóòṣì kọ́ àwọn ọmọdé, mò ń fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni mo ní, rẹpẹtẹ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, wọ́n pè mí sí Portsmouth ní ìpínlẹ̀ Virginia, síbi ìdíje kan tí wọ́n ti ń ṣe láti 1953 fáwọn tó wà lọ́dún ìkẹyìn ní yunifásítì. Ọmọ 64 péré ni wọ́n ń pè, gbogbo ẹgbẹ́ NBA ló sì ń rán èèyàn wá wò wọ́n. Ìgbà yẹn làwọn aṣojú, àwọn tó ń bá agbábọ́ọ̀lù wá ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ń bá a ṣàdéhùn owó, bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Mẹ́ta ló jókòó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní wọ́n máa mú mi ní ìpele kejì dráàfùtì. Ẹni kejì ní bí Ọlọ́run bá ṣe é, mo lè wọ ìpele kìíní. Ẹni kẹta wò mí lójú, ó ní, "Wọn ò ní mú ọ. Jẹ́ ká jọ jókòó ká wo ibi tí wàá ti máa jẹun." Ẹni tó ní ìpele kìíní ni mo fọwọ́ síwèé fún. Òfin ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ni pé aṣojú ò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára owó NBA. Ìdá 4 nínú òfo ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni dráàfùtì, ní Brooklyn. Nígbà tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ti lù n'Ìbàdàn. Màámi ti se ìrẹsì. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, àwọn ará ilé kejì ti gbé àga wá. Èmi wà ní yàrá mi ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì. Deandre Ayton ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Nígbà tó kan ẹni ogún, wọ́n pe Josh Okogie, tí wọ́n bí l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n mi ní ariwo tó sọ nílé wa, bíi pé èmi ni. Wọ́n pe Chimezie Metu ṣe ẹni 49. Ìyẹn náà, ọmọ Nàìjíríà ni, ariwo tún sọ. Nígbà tó di 50, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tó di 60, mo pa fóònù.

Màámi ló rí mi pè láàárọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó ní, "Àjàní, ṣé orúkọ ẹ ló le jù fún wọn láti pè ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ẹ dárí jì mí, irọ́ yẹn nìkan ló wà nítòsí.

Ẹgbẹ́ kan gbà kí n bá wọn gbá ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Las Vegas nínú oṣù Keje. Níbẹ̀ ni mo ti wá fi ojú ara mi rí ohun tí bàbá oníwèé yẹn ń bi mí. Ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù onímẹ́ta, èyí tó ń mú àmì ayò mẹ́ta wá, ẹsẹ̀ bàtà 20 àti íǹṣì 9 ló jìnnà sí agbọ̀n ní yunifásítì nígbà náà. Ti NBA, 23 àti íǹṣì 9, àfi ní igun tó ti sún mọ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ ó ní kí ló wà níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn ló sún sẹ́yìn, àárín wá ṣófo bí ọjà alẹ́ tí òjò tú. Ẹni tó bá ń ṣọ́ni gbọ́dọ̀ lè rin ìrìn yẹn já kí bọ́ọ̀lù tó dé. Wọ́n á mú ẹni gíga tí mò ń ṣọ́ jáde wá sókè, á dábùú ọ̀nà ẹnìkejì mi, nígbà tí mo bá fi máa ṣẹ́jú, ọmọ kúkúrú kan tó yá bí ọ̀kẹ́rẹ́ ló dúró níwájú mi, èmi àti òun nìkan nínú gbangba. Ó wò mí bí ẹní wo oúnjẹ. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, kóòṣì pè mí jáde. Ti pé kí n fẹ̀yìn ti èèyàn dé abẹ́ agbọ̀n wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù fún mi. Ìṣẹ́jú àáyá 24 ni wọ́n ní láti fi jù ú, 30 la ní ní yunifásítì, wọn ò sì ní í ná an sórí mi.

Láti ibẹ̀ mo bọ́ sí G League, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń tọ́ ọmọ. Ẹgbẹ́ 27 ló wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 35,000 fún oṣù márùn-ún, kí owó orí tó mú tiẹ̀. Ẹni tó kéré jù ní NBA lọ́dún yẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ń gba 838,464. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jìn láàárín wọn. Gbọ̀ngàn kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, nígbà míì ẹni méjì tó ń gbé yàrá kan náà.

Èmi àti ẹnìkan ni mo ń sọ. Àmì ayò 14 ni mò ń jẹ, òun ń jẹ 8. Ní oṣù Kíní ọdún 2019, lóru ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún, ẹgbẹ́ NBA kan fún un ní ìwé àdéhùn ọjọ́ mẹ́wàá. Mo bá a di ẹrù. Mo tún bá a gbé àpótí sínú táksí, mo sì kí i tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, mo lọ bá kóòṣì. Mo ní kí ló dé. Kò bínú. Ó ní, "Tó bá débẹ̀, gbogbo wọn mọ ohun tó máa ṣe. Á dúró ní igun, á ju bọ́ọ̀lù tó bá kàn án, á ṣọ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ, wọ́n á ní láti tún ilé wọn kọ́ kí wọ́n tó lè gbà ọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n sì ti ní ẹni mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ilé náà fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti dráàfùtì lọ, torí kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n ṣe ìgbáradì ọjọ́ márùn-ún láìju bọ́ọ̀lù kankan sí agbọ̀n. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ tó gbé fún mi ni pé kí n máa dúró sójú ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ ẹnìkejì mi, kí n fi ara mi ṣe ògiri, kí ẹnìkejì mi lè ríbi kọjá. Ó dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ dán an wò. Tó o bá mira pẹ́nrẹ́n, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Tó o bá tètè kúrò, kò wúlò. Tó o bá pẹ́, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ibi tí wàá kọjú sí ni ọ̀nà tí ẹnìkejì rẹ máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí n máa sọ̀rọ̀. Èmi tó wà lẹ́yìn ni mo lè rí gbogbo wọn, torí náà èmi ni kí n máa pariwo: òsì, ọ̀tún, ó ń bọ̀, mo ti mú un. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi há. Ẹsẹ̀ mi ò yá sí i tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í débẹ̀ ṣáájú, torí mo ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Kí ọdún ìdíje tó parí, àmì ayò mi ti já sí 9, kóòṣì sì ń fi mí sílẹ̀ nínú ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Gabe Vincent wà nínú líìgì yẹn náà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Stockton. Ọdún tí mo jáde lòun náà jáde, ní UC Santa Barbara, wọn ò pe orúkọ tiẹ̀ náà ní Brooklyn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2021, ó jẹ àmì ayò 21 nígbà tí D'Tigers, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà wa, lu Amẹ́ríkà 90 sí 87 ní Las Vegas. Ní 2023, ó wà lára àwọn márùn-ún tí Miami fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú àṣekágbá NBA. Mo wò ó lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì, ní aago mẹ́rin àárọ̀. Mi ò ní parọ́, mo jowú. Ó ṣọ́ àwọn èèyàn, ó ju bọ́ọ̀lù tó kàn án, kò sí ìgbà tó dà bíi pé ó ń dúró de kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Èmi gba Yúróòpù lọ ní 2019, aṣojú tó ní wọn ò ní mú mi yẹn ló sì mú mi lọ. Mo wá a padà fúnra mi. Kò rán mi létí ohunkóhun, ó kàn bi mí bóyá mo ní ẹ̀wù òtútù.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wà nínú ìlú kékeré kan, mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Oṣù méjì àkọ́kọ́, owó wọlé lọ́jọ́ tó yẹ. Ní oṣù kẹta, alága ní ilé ìfowópamọ́ ló ní ìṣòro. Ní oṣù kẹrin, ó ní onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ ti rìnrìn àjò. Ní oṣù karùn-ún, kì í gbé fóònù mọ́, àmọ́ wọn ò yéé pè wá fún ìgbáradì ní aago mẹ́sàn-án. Ọmọ tí kò gbowó fún oṣù mẹ́ta ò sì gbọ́dọ̀ pẹ́, torí pé wọ́n á ní òun ló ba àdéhùn jẹ́. Ohun tó yọ mí ni gbólóhùn kan tí aṣojú mi ti kọ sísàlẹ̀ ìwé àdéhùn, tí mi ò tiẹ̀ kà nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i: pé tí ìjà bá dé, BAT ló máa dá a. BAT ni ilé ẹjọ́ onílàjà tí FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, dá sílẹ̀ ní 2007, Geneva ni ìjókòó rẹ̀ wà. Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́, ohun tó tọ́ tó sì yẹ ló fi ń dá a, kì í ṣe òfin orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ tó bá ní kó sanwó tí kò san, FIBA lè dí i lọ́wọ́ láti gba agbábọ́ọ̀lù tuntun láti orílẹ̀-èdè míì. Ó gbà ju oṣù mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n owó mi wọlé. Ọmọ kan láti Sẹ̀nẹ̀gà tá a jọ wà níbẹ̀ kò ní gbólóhùn yẹn nínú ìwé tiẹ̀. Kò tíì gba kọ́bọ̀ títí di òní.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ka ìwé àdéhùn bí ìyá oníyán ṣe ń wo iṣu. Ọjọ́ wo lowó ń wọlé? Tó bá pẹ́, èlé mélòó? Tí mo bá ṣèṣe, ta ló ń san owó dókítà? Ta ló ń san ti aṣojú? Ní Yúróòpù, ẹgbẹ́ ló sábà máa ń san an, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá ní kí ìwọ tún san tìrẹ lọ́tọ̀, béèrè ìdí. Mo fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀ owó fáwọn ọmọ tó ń pè mí láti Ìbàdàn ju kí n máa sọ bí wọ́n ṣe ń fò lọ. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò.

Bọ́ọ̀lù Yúróòpù dára fún mi, mi ò purọ́. Ìlà onímẹ́ta FIBA, mítà 6.75, sún mọ́ra ju ti NBA lọ, gbangba tí mo ní láti rìn wá kéré sí i. Tí bọ́ọ̀lù bá sì ti kan irin agbọ̀n, FIBA gbà kéèyàn fọwọ́ gbá a dànù lórí rẹ̀, ohun tí NBA ò gbà. Ẹni tó ga tó sì mọ àsìkò lè gba ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àmì ayò mẹ́rin lóòjọ́ bẹ́ẹ̀, kó má sì sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀ Faransé ni mo wà báyìí. Àmì ayò 7 ni mò ń jẹ. Wọ́n ti bá mi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tuntun lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọkùnrin kan n'Ìbàdàn tó ti rí yunifásítì tó máa gbà á fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ni bó ṣe ń fi bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Ó dáa gan-an ni, ó dáa ju bí mo ṣe wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Mo ní kó fi odidi ìdíje kan ránṣẹ́, kó má gé e, èyí tí wọ́n ti lù wọ́n. Kò tíì dá mi lóhùn.

Màámi ti wá ní fóònù tó lè fi wo fídíò. Ẹ̀gbọ́n mi bá a wá ọ̀kan nínú àwọn ìdíje wa. Ó wò ó tán, ó pè mí.

"Àjàní, mo rí ẹ o. Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo pé o kàn ń dúró, táwọn èèyàn ń wá fi ara gbá ẹ? Ṣé ògiri ni wọ́n fi ẹ́ ṣe ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ògiri ni mí."

Ó rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Ṣáà má lanu fún aláǹgbá."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀:

"Wọ́n ti san ti oṣù yìí?"